Bí ẹ ṣe lè ka iye àgbo tí ẹ ń mu kó tó di àṣejù

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó láago mẹ́fà òwúrọ̀, ẹ ó rí ìyá alágbo tó ti gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀: ìgò jẹ̀díjẹ̀dí wà níbẹ̀, ìgò ibà wà níbẹ̀, ti ọpá ẹ̀yìn àti ti ale kò sì gbẹ́yìn. Oníbàárà kan a mu ife kékeré kan nínú jẹ̀díjẹ̀dí, a ní kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ọpá ẹ̀yìn lé e, a sanwó, a sì wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di ọ̀sán, yóò ra ìgò bításì kan ní ṣọ́ọ̀bù. Tó bá sì délé lálẹ́, ìkòkò àgbo ibà ti ń dúró dè é lórí ààrò. Bí ẹ bá bi ọkùnrin yìí léèrè pé oògùn mélòó ni ó lò lọ́jọ́ náà, yóò dá yín lóhùn pé òun kò lo oògùn kankan.

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ bá jà nínú àpilẹ̀kọ yìí. N kò kọ ọ́ láti tàbùkù àgbo, nítorí pé ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà kì í ṣàìní ìkòkò àgbo, mo sì ti mu èyí tó korò ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó ń mu àgbo máa kà á mọ́ oògùn, kó mọ iye tó ń mu, kó mọ ohun tó ń dà á pọ̀ mọ́, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró.

Ìdí tí ewé fi lè pa ni lára

Àwọn kan a máa sọ pé ohun tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá kò lè ṣe ènìyàn níbi. Ewé tí kò bá lè ṣe ibi kankan lára kò lè ṣe rere kankan níbẹ̀, nítorí pé ohun kan náà tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣe méjèèjì. Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi egbò rẹ̀ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú láti ìgbà láéláé. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní reserpine wà nínú egbò yìí, òun sì ni àwọn dókítà òyìnbó fi ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní àwọn ọdún 1950, kí wọ́n tó dín lílò rẹ̀ kù nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó máa ń bá àwọn kan tó ń lò ó, tí àwọn oògùn mìíràn sì wá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mì ní àràárọ̀, tó sì tún ń mu àgbo ìfọ̀kànbalẹ̀ tí egbò asofẹ́yẹjẹ wà nínú rẹ̀ ní alaalẹ́, ń fi oògùn lé oògùn ni, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ débi pé yóò ṣubú nígbà tó bá dìde lórí ibùsùn.

Ohun kejì ni òṣùwọ̀n. Hóró oògùn kan kò yàtọ̀ sí èkejì tó wà nínú páálí kan náà, ṣùgbọ́n egbò tí wọ́n wú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè le ju èyí tí wọ́n wú ní ìgbà òjò lọ, àgbo tí wọ́n sè fún wákàtí mẹ́ta kò sì rí bí èyí tí wọ́n kàn rẹ. Ife kan tó bá yín lára mu lóṣù tó kọjá lè jẹ́ ìlọ́po méjì agbára rẹ̀ lónìí, kò sì sí bí ẹ ó ṣe mọ̀.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra egbò lọ́jà gbọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan ní ìlú Brussels, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, ń lo kápúsù kan tí wọ́n fi egbò ilẹ̀ Ṣáínà ṣe, kí wọ́n lè dín sísanra kù. Wọ́n ti ṣi egbò kan mú fún òmíràn nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n sì ṣì mú jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ewéko tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aristolochia. Àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní 100. Ọ̀pọ̀ nínú wọn di ẹni tí ẹ̀rọ ń bá fọ ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, nígbà tó sì yá ni wọ́n tún rí àrùn jẹjẹrẹ ní ọ̀nà ìtọ̀ àwọn kan nínú wọn. Láti ọdún 2002 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé oògùn tí wọ́n fi irú ewéko bẹ́ẹ̀ ṣe a máa fa jẹjẹrẹ. Ìtàn yìí kàn wá nílé, nítorí pé akọ-igún, tí ẹ máa ń bá lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ, tí wọ́n sì ń fi egbò rẹ̀ sí oríṣiríṣi àgbo, jẹ́ Aristolochia bákan náà. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń béèrè ohun tó wà nínú ìgò, tí ẹ sì gbọ́ orúkọ akọ-igún, ẹ dá ìgò náà padà.

Ìṣirò ọjọ́ méje

Kí ẹ tó dín ohunkóhun kù, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó jẹ́. Ẹ mú ìwé kan tàbí fóònù yín, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ bá mu fún ọjọ́ méje sínú rẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń pè é, ohun tí wọ́n fi ṣe é, yálà omi ni, tàbí omi ògì, tàbí ọtí, iye ife tàbí ṣíbí, àti ìdí tí ẹ fi mu ún. Ẹ má ṣe yọ bításì sílẹ̀ nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti rà á. Ẹ má ṣe yọ tíì tó ń dín ikùn kù, tàbí ìyẹ̀fun ewé igbálẹ̀ (mọ̀ríńgà) tí wọ́n ń bù sínú ẹ̀kọ, tàbí áyù oníkápúsù tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹ kọ oògùn ilé ìwòsàn àti ti kẹ́míìsì náà sínú ìwé kan náà, nítorí pé inú ikùn kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ jókòó ti ìwé náà. Ẹ wò ó bóyá ọjọ́ kan wà tí ẹ kò mu nǹkan kan. Bí kò bá sí, àṣejù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kódà bí ife náà bá kéré. Ẹ wò ó bóyá nǹkan méjì tàbí mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bíi kí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, tíì ikùn àti oògùn ìyàgbẹ́ máa ṣu ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìdí tí ẹ kọ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe pọ̀ tó tí ìdí náà fi máa ń jẹ́ "kí n lè fọ ẹ̀jẹ̀" tàbí "kí n lè fọ inú." Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni Ọlọ́run fi iṣẹ́ fífọ ẹ̀jẹ̀ rán, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń ṣe é. Ẹni tó ń mu àgbo lójoojúmọ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́ ń fi ẹrù kún ẹrù wọn ni, torí pé àwọn náà ló gbọ́dọ̀ tún fọ àgbo ọ̀hún kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ irú ìdí bẹ́ẹ̀ síwájú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Jẹ̀díjẹ̀dí

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí òun ni àgbo tí àwọn ènìyàn ń mu jù tí wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀ kéré jù. Orúkọ kan ni jẹ̀díjẹ̀dí jẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀: ìdí yíyọ, inú kíkún, ẹ̀yìn dídùn, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, àti ale tí kò le mọ́. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń ta fún gbogbo rẹ̀, oògùn náà sì sábà máa ń jẹ́ ohun tó ń ṣu ènìyàn, bí ewé àsúnwọ̀n, tó bá senna inú oògùn ìyàgbẹ́ òyìnbó tan. Nígbà tí ẹni tó mu ún bá yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán, yóò sọ pé ó jẹ́. Ṣé ó jẹ́ lóòótọ́? Ìgbẹ́ tó yà yẹn fi hàn pé ewé náà ṣiṣẹ́ nínú ìfun ni. Kò fi hàn pé àìsàn tó torí rẹ̀ mu ún ti lọ.

Bí irú ìyàgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá ń wáyé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún, omi àti iyọ̀ ara tí wọ́n ń pè ní pọtásíọ̀mù yóò máa bá a jáde. Pọtásíọ̀mù ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́, ọkàn sì jẹ́ iṣan. Ẹsẹ̀ tó ń rọ, iṣan tó ń sún kì lóru àti àyà tó ń lù kìkì láìsáré jẹ́ àmì pé ó ti ń dín kù. Ewu náà tún pọ̀ sí i fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ènìyàn tọ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ náà ń lé pọtásíọ̀mù jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń kọ ọ́ sára páálí senna ní kẹ́míìsì pé kí ènìyàn má ṣe lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ bí dókítà kò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú òfin ọ̀sẹ̀ kan yẹn, kí ẹ fi de àgbo jẹ̀díjẹ̀dí pẹ̀lú.

Èyí tó tún burú ju ti pọtásíọ̀mù lọ ni àkókò tó ń sọnù. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lè jẹ́ ìdí yíyọ lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, kò sì sí ìyá alágbo tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ yín jáde, pàápàá bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún tàbí tí ẹ ń rù, ẹ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó mu ife kankan. Bákan náà, ale tó rọ lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ kò sì níí mọ̀ bí ẹ bá ń fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀. Fún inú kíkún àti ìgbẹ́ líle lásán, omi tó pọ̀, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọsàn tí a kò fún omi rẹ̀ nìkan mu yóò ṣe ohun tí ẹ ń wá.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á

Bí ìgò náà bá ní àkọlé, ẹ ka ohun gbogbo tó wà lára rẹ̀: orúkọ àwọn ewé, iye tó yẹ kí ènìyàn mu, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, àti nọ́ńbà àjọ NAFDAC. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé àjọ náà mọ̀ nípa oògùn ọ̀hún. Kò sọ pé ó ń wo gbogbo àìsàn tí wọ́n tò sára ìgò. Lára ọ̀pọ̀ ìgò àgbo tí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ ni ẹ ó ti rí gbólóhùn wínníwínní kan tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olùtajà ń sọ nípa rẹ̀ wò. Èmi a máa wá gbólóhùn náà kí n tó ka ohun mìíràn. Bí ìgò kan bá sì sọ pé òun ń wo ibà, làkúrègbé, ìtọ̀ ṣúgà, àìrọ́mọbí àti ojú dídùn pa pọ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo-nìṣe náà wà lórí àtẹ.

Bí kò bá ní àkọlé, ẹ bi ẹni tó sè é ní ìbéèrè mẹ́ta: kí ni ó wà nínú rẹ̀, kí ni ẹ fi sè é, ọjọ́ wo ni ẹ sè é? Ẹni tó bá dáhùn pé àṣírí ni ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ kí i kú iṣẹ́ kí ẹ sì máa lọ. Ẹ ṣọ́ra fún àgbo tó ń ṣiṣẹ́ bí idán. Ní onírúurú orílẹ̀-èdè ni àwọn aláyẹ̀wò ti bá oògùn òyìnbó tí wọ́n fi pamọ́ sínú oògùn ewé. Nínú ti ale, sildenafil, oògùn òyìnbó tó ń mú kí ale le, ni wọ́n sábà ń bá, èyí tó lè pa ẹni tó ń lo oògùn àyà dídùn tó ní náítírèètì nínú. Nínú ti làkúrègbé, dexamethasone, oògùn tó ń dá ara wíwú àti ìrora dúró, tàbí irú rẹ̀ ni, tó ń mú kí ojú ènìyàn wú róbótó, tó ń mú kí oúnjẹ máa wu ènìyàn jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó sì ń gbé ṣúgà ara sókè. Bí ẹ bá ti mu àgbo làkúrègbé fún oṣù díẹ̀, tí ojú yín sì ti yí padà bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nílé. Ara tó ti mọ́ irú oògùn yẹn lè dákú bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dókítà ló gbọ́dọ̀ mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọtí náà ńkọ́? Bíà sábà máa ń ní ọtí bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí kò ṣòro láti rí bításì tí tirẹ̀ tó 40. Ẹni tó ń mu ìyẹn lárààárọ̀ kó tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú ń mu ọtí líle ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é. Ti inú páragà tí wọ́n fi ògógóró ṣe tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe pọn ọtí náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú lójijì, àwọn mìíràn sì fọ́jú, kí wọ́n tó mọ̀ pé mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu.

Bí ẹ bá ń lo oògùn ilé ìwòsàn

Ewúro, dóńgóyárò àti ewé igbálẹ̀ a máa fa ṣúgà ara wálẹ̀. Ewúro inú ọbẹ̀ kì í ṣe ìṣòro; omi ewúro tí wọ́n fún kún ife, tí wọ́n wá fi oògùn ìtọ̀ ṣúgà lé, lè fa ṣúgà náà kọjá ààlà, kí ènìyàn máa gbọ̀n, kó máa làágùn, kó sì dákú. Áyù àti atalẹ̀ oníkápúsù kò bá warfarin àti àwọn oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì rẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa ya láìdá. Flagyl àti àgbo ọlọ́tí kì í gbé inú ara kan. Èébì àti àyà lílù ni wọ́n lè bí. Ní ti paracetamol, àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá hóró 8 ti 500mg ní wákàtí 24, ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń mu àgbo ọlọ́tí lójoojúmọ́ sì lè má lè gba iye yẹn.

Àwọn èèyàn wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wá àmì THR, tó ń fi hàn pé wọ́n ti forúkọ oògùn ewé ìbílẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, lára páálí oògùn ewé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1994 kò béèrè pé kí olùtajà kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn fún ìjọba pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Níbi méjèèjì, ẹ yẹra fún St John's wort, ewéko kan tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bí ẹ bá ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tàbí ti kòkòrò HIV, nítorí pé ó ń sọ wọ́n di aláìlágbára.

Aláboyún kò gbọ́dọ̀ mu àgbo tí dókítà tàbí agbẹ̀bí rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé àwọn ewé kan wà tó ń mú kí ilé ọmọ súnkì. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ló tó o. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà yóò bá mi jà lórí èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́ kò tíì lágbára tó láti fọ ohun tí wọ́n ń rọ sí i lẹ́nu. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ béèrè bóyá kán-ún wà nínú àgbo náà, torí pé sódíọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ló kún inú kán-ún. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún sì ní láti sọ gbogbo ohun tó ń mu fún dókítà, kó sì ti fi wọ́n sílẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Àmì tí kò yẹ kí ẹ fojú fò

Kíndìnrín kì í pariwo. Ó lè ti bàjẹ́ gan-an kí olówó rẹ̀ tó mọ nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti ń mu àgbo fún ọdún pípẹ́ fi yẹ kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún creatinine (ohun tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) àti ti ẹ̀dọ̀, bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ń ṣe é. Ojú tó ń wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ tó ń wú nírọ̀lẹ́, ìtọ̀ tó ń hó bí ọṣẹ tàbí tó dín kù jẹ́ ọ̀rọ̀ kíndìnrín. Ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ tó dúdú bí kóòkì àti ara tó ń yún kiri jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò pè é, tí wọn yóò sì tún sè àgbo mìíràn fún un, tó jẹ́ pé àgbo ti àkọ́kọ́ ló fà á.

Bí ẹnìkan bá mu àgbo tó sì dákú, tàbí tí gìrì ń mú un, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ìka họ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó lè bì, nítorí pé epo àti èébì lè gba inú ẹ̀dọ̀ fóóró lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bí alárùn ìtọ̀ ṣúgà bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, ṣùgbọ́n tí ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má ṣe dúró kó tó bi yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í béèrè, àwọn mìíràn sì lè jágbe mọ́ yín. Ẹ gbé ìwé ọjọ́ méje yẹn lé e lọ́wọ́. Ẹ mú ìgò náà dání. Bí kò bá ní àkọlé, ẹ da ìyókù rẹ̀ sínú ike mímọ́ tó ní ìdérí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ rà á, ibi tí ẹ ti rà á àti iye ife tí ẹ ti mu sára rẹ̀.